Ìlù Bàbá Àgbà: Ìtàn Dúró Ládípọ̀

Nígbà tí wọ́n ní kí n kọ ìtàn kan sínú ìwé yìí, mo bi ara mi pé: àwa tí a ti ń di bàbá àgbà àti ìyá àgbà yìí, kí ni ọmọọmọ wa yóò gbà lọ́wọ́ wa? Ìtàn tó wá sí mi lọ́kàn kò jìnnà sí ilé. Òṣogbo ló ti ṣẹlẹ̀, lójú ọ̀nà rélùwéè tó gba Ìwó àti Ẹdẹ kọjá.

Bàbá àgbà kan wà tí ogun lé dé Òṣogbo. Onílù ni, ó sì ń sin Ṣàngó àti Ọya. Ọmọ rẹ̀, Joseph Oní Ládípọ̀, gba ẹ̀sìn Kristi, ó sì di oníṣẹ́ Ìjọ Áńgílíkà. Ẹ má jẹ́ ká dá a lẹ́bi. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá gba ìgbàgbọ́ ní láti jìnnà sí ìlù àti eégún kí wọ́n tó gbà pé òótọ́ ló yí padà. Àwa Mùsùlùmí Ìwó náà mọ irú rẹ̀.

Ọdún 1931 ni wọ́n bí Dúró fún un. Orúkọ ọmọ náà ń sọ̀rọ̀: Dúródọlá, Dúróṣọmọ, Dúróoríkẹ́. Òbí tó ti sin ọmọ rí ló ń sọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Inú ilé ìjọ ni Dúró dàgbà sí, ṣùgbọ́n bí ọdún ìbílẹ̀ bá dé, a yọ́ jáde lọ wòran.

Nígbà tó di géńdé, ó ṣe olùkọ́, ó sì ń kọ orin fún ìjọ. Ní àsìkò Àjíǹde kan, ó gbé ìlù Yorùbá wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní Òṣogbo. Ariwo sọ! Àwọn àgbà ìjọ ní irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ wáyé mọ́. Dúró kó orin rẹ̀ jáde, ó ń ṣe é káàkiri ilé ẹ̀kọ́ àti lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ní 1962, òun àti Ulli Beier, ará Jámánì, sọ ilé ọtí Dúró di ilé àṣà, wọ́n pè é ní Mbárí Mbáyọ̀. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari, ṣùgbọ́n etí ará Òṣogbo gbọ́ ọ bíi “m bá rí i, m bá yọ̀”. Níbẹ̀ ni Ọba Kòso ti jáde ní 1963: ìtàn Ṣàngó, Ọya, Gbọ́nkáà, àti Tìmì tí Ẹdẹ, aládùúgbò wa, ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ pe ọba wọn.

Ibi tó wọ̀ mí lára jù nìyí. Dúró fúnra rẹ̀ ló ṣe Ṣàngó; Abíọ́dún ìyàwó rẹ̀ ló ṣe Ọya. Òrìṣà méjèèjì tí bàbá àgbà ń sìn, ọmọọmọ àti aya rẹ̀ ló gbé wọn wọ̀ lórí ìtàgé. Ní 1964 wọ́n gbé eré náà dé Berlin, ní 1965 wọ́n gbé e dé ìlú Gẹ̀ẹ́sì. N kò ní kí ẹnikẹ́ni padà sí ìdí òrìṣà o. Èmi náà ń kírun. Ṣùgbọ́n èdè yẹn, oríkì yẹn àti ohùn ìlù yẹn, bí kì í bá ṣe Dúró ni, ta ni ìbá gbà wọ́n?

Àwọn tó mọ̀ ọ́n láti inú Bọ́dé Wáàsinmi lórí tẹlifíṣọ̀n yóò rántí ohùn rẹ̀. Kò tíì pé àádọ́ta ọdún nígbà tó kú ní oṣù kẹta ọdún 1978. Títí di òní, àwọn kan ń sọ pé àrá sán lọ́jọ́ náà.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹgbẹ́ wa ni pé ká fi ìtàn yìí ṣe eré kékeré. Ẹni mẹ́ta ti tó: bàbá àgbà tó ń fa awọ ìlù, ọmọdé tó yọ́ wá jókòó tì í, àti bàbá ọmọ tó ń pè é láti ilé ìjọ. Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan tó fún un. Ẹni tó bá ní ọmọọmọ tó lè lu ìlù, kó jọ̀ọ́ wá rí mi lẹ́yìn ayẹyẹ.