Òtítọ́ Ìtàn àti Ìfìwàwẹ̀dá: Ohun tí Òǹkàwé Yorùbá ń Retí nínú Eré-Oníṣe Ajẹmọ́tàn

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ohun tí òǹkàwé àti òǹwòran ń retí wò lọ́wọ́ òǹkọ̀wé tó bá fi ìtàn gidi ṣe eré. Ọba Kò So àti Ọba Wàjà ti Dúró Ládípọ̀, Death and the King's Horseman ti Wọlé Ṣóyínká, Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá àti ìtàn ogun Kírìjì ni a gbé lé ìwọ̀n. Èrò wa ni pé òǹkàwé a máa fojú fo àyípadà déètì àti orúkọ, kì í sì í fojú fo àṣà tó bá wọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ̀dá-ìtàn bá ti jọ ènìyàn jù ni ó ti yẹ kí ó bi òǹkọ̀wé léèrè jù, ibẹ̀ gan-an ni kì í sì í ti í béèrè.

Ìfáárà

Ẹni tó ń gbé Òkè-Fìà l'Óṣogbo kò jìnnà sí ìtàn tí wọ́n ti sọ di eré. Ìlú yìí náà ni Ládípọ̀ ti dá ilé àṣà Mbari Mbayọ̀ sílẹ̀ ní 1962. Ẹdẹ, ìlú Tìmì, kò ju ìrìn díẹ̀ lọ nínú ọkọ̀. Igbájọ, níbi tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn dó sí nígbà Kírìjì, àti Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí Èkìtìparapọ̀ tó ń bá wọn jà wà, ti di ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pọ̀ lónìí. Òǹkàwé irú àgbègbè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àlejò sí ìtàn. Ó lè jẹ́ ọmọ ilé ẹni tí wọ́n ń kọ̀wé nípa rẹ̀, ó lè jẹ́ adóṣù Ṣàngó, ó sì lè ti gbọ́ oríkì ẹni náà lẹ́nu ìyá rẹ̀ kó tó mọ ìwé kà. Nǹkan mẹ́ta ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń yẹ̀ wò: ṣé bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí, ṣé bí a ti ń ṣe é nìyí, àti ṣé ènìyàn á hu irú ìwà yìí?

Ọba Kò So: ìtàn tí kò ní déètì

Ọdún 1963 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe Ọba Kò So l'Óṣogbo. Ó dé Berlin ní 1964, ó sì dé London ní 1965. Ládípọ̀ fúnra rẹ̀ ló ṣe Ṣàngó, Abíọ́dún ìyàwó rẹ̀ sì ṣe Ọya. Kò sí ẹni tó lè fi ọdún ká a mọ́, nítorí ayé Ṣàngó ti jìn kọjá èyí tí à ń ka ọdún rẹ̀. Oríkì, ìlù àti ìṣesí ààfin ni òǹwòran fi ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, ibẹ̀ ni Ládípọ̀ sì dáńtọ́ sí.

Ikú ọba náà ni ọ̀rọ̀ tó ta kókó. Samuel Johnson, tí The History of the Yorubas rẹ̀ jáde ní 1921, kọ ọ́ pé Ṣàngó fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Àwọn olùsìn rẹ̀ ò gbà bẹ́ẹ̀ láé. Ládípọ̀ ò ṣẹ́ apá kankan. Ọba náà kú lójú wa, ààrá sì sán, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì kígbe pé ọba kò so. Eré náà dúró nítorí pé Ṣàngó inú rẹ̀ ní ìdí tó fi ń ṣe ohun tó ń ṣe. Ará ìlú ló ń fẹjọ́ Tìmì àti Gbọ̀nkáà, balógun rẹ̀ méjèèjì, sùn ún. Ó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ, pé bóyá kò ní í padà wá mọ́, ète náà sì dà á láàmú. Ọba tó ń wá ojúrere ìlú títí ọwọ́ rẹ̀ fi ṣófo kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá mọ ọba àti ìjòyè.

Olókùn Ẹṣin: ìtàn tó ní déètì

Ní oṣù Kejìlá 1944 ni Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà. Ní oṣù Kìíní 1945, Jinadu, tí í ṣe Olókùn Ẹṣin, múra láti bá ọba lọ gẹ́gẹ́ bí àṣà. Aláṣẹ Òyìnbó dá a dúró, Murana, àbíkẹ́yìn rẹ̀ ọkùnrin, sì kú dípò rẹ̀. Ládípọ̀ fi èyí ṣe Ọba Wàjà ní 1964, Ṣóyínká sì fi ṣe eré tirẹ̀ ní 1975.

Ọdún 1946 ni Ṣóyínká kọ sínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ó ní òun fà á sẹ́yìn kó lè bọ́ sí àkókò ogun àgbáyé. Bẹ́ẹ̀, ìgbà ogun náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́! Àyípadà tó ṣe ló dá a padà sọ́dọ̀ òtítọ́. Díẹ̀ nínú àwọn òǹkàwé ló bìkítà nípa èyí. Ọlúńdé, ọmọ Olókùn Ẹṣin nínú eré Ṣóyínká, ni wọ́n ń jà lé lórí: ǹjẹ́ ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ní Ìlú Ọba lè kú irú ikú yẹn? Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí òǹkọ̀wé méjèèjì ṣe. Nínú Ládípọ̀, oníṣòwò tó ti Gánà dé ni ọmọ náà. Nínú Ṣóyínká, akẹ́kọ̀ọ́ ni. Àwọn méjèèjì ló sì sọ ọ́ di ẹni tí ipò bàbá rẹ̀ tọ́ sí. Àrólé tó bá rí i pé bàbá òun kùnà iṣẹ́ ìdílé mọ ibi tí gbèsè náà ń bọ̀. Àyípadà yìí bá àṣà mu, òun ló sì gbé ìwà ọmọ náà ró.

Ẹfúnṣetán: ẹ̀dá-ìtàn tó borí ìtàn

Nínú eré Ìṣọ̀lá tó jáde ní 1970, ikú ọmọ kan ṣoṣo tí Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn, bí ló sọ ọ́ di òǹrorò, tó fi ń pa ẹrú tó bá lóyún. Ìkà rẹ̀ ló mú ìlú dìde sí i, ó sì gbé májèlé jẹ. Ìbànújẹ́ ìyá tó ń di ìkà díẹ̀díẹ̀ wọni lára tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ Ẹfúnṣetán mìíràn.

Johnson náà mẹ́nu ba ìwà líle rẹ̀ lẹ́yìn ikú ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó kọ nípa ìṣubú rẹ̀ yàtọ̀. Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò Ìbàdàn, yọ ọ́ lóyè ní 1874. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé kò bá òun lọ sógun, kò fi nǹkan ìjà ránṣẹ́, kò sì jáde wá pàdé òun nígbà tí òun ti ogun dé. Wọ́n gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ àwọn ẹrú rẹ̀ pa á lójú oorun. Kumuyilo, ọmọ tó gbà tọ́, wà nínú ọ̀tẹ̀ náà. Bọ́láńlé Awẹ́, onímọ̀ ìtàn, ti fi yé wa pé olóṣèlú ni obìnrin yìí, tó ń yá àwọn ológun ní ohun ìjà, tó sì lè kọ̀ fún wọn. Nígbà tí eré gbé ìṣubú rẹ̀ ka ìkà nìkan, ọ̀rọ̀ agbára láàárín obìnrin ọlọ́rọ̀ àti Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò bọ́ sọnù, Látòósà sì di olùgbàlà. Kì í ṣe pé ìwà náà kò ṣeé gbàgbọ́. Ó ṣeé gbàgbọ́ jù ni.

Ta ló sọ ìtàn náà?

Òǹkàwé tó ń fi ìwé Johnson díwọ̀n eré ní láti díwọ̀n Johnson náà. Ìran Aláàfin Abíọ́dún ni, Abíọ́dún ló sì ṣẹ́gun Baṣọ̀run Gáà, olórí ìjòyè Ọ̀yọ́, ní 1774. Ẹnu ìdílé aṣẹ́gun ni a ti mọ Gáà tí Adébáyọ̀ Fálétí fi ṣe eré ní 1972, òun náà ló sì tún dé orí Netflix ní 2024 nínú House of Ga'a.

Ohun kan náà ń dúró de ẹni tó bá fẹ́ kọ Ògèdèǹgbé ti Iléṣà, olórí ogun Èkìtìparapọ̀. Ọdún 1877 sí 1893 ni ogun Kírìjì gbà, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, 1886. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà á retí akọni, ọmọ Ìbàdàn á retí ọ̀tá. Ṣùgbọ́n Ògèdèǹgbé ti gbé láàárín àwọn ológun Ìbàdàn kó tó wá dojú ìjà kọ wọ́n. Òǹkọ̀wé tó bá yọ èyí kúrò nítorí ojú ìlú ti fi ohun tó lè sọ akọni náà di ènìyàn ṣòfò.

Àgbálọgbábọ̀

Bí òǹkọ̀wé bá yí nǹkan padà, ẹ jẹ́ ká béèrè iṣẹ́ tí àyípadà náà ń ṣe. Èyí tó sọ àbíkẹ́yìn di àrólé jẹ́ kí a rí ìdí ikú ọmọ Olókùn Ẹṣin kedere. Èyí tó sọ ìjà agbára di ìjìyà ìkà bo ìdí ìṣubú Ẹfúnṣetán mọ́lẹ̀. Àwọn méjèèjì ló bí ẹ̀dá-ìtàn tó ṣeé gbàgbọ́, nítorí náà ìgbàgbọ́ òǹkàwé kò tó ẹ̀rí. Olùkọ́ tó bá ń fi Ẹfúnṣetán Aníwúrà kọ́ni ní láti fi ìtàn 1874 tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbádùn eré náà kó má sì gbà á ní ìtàn. Àwọn òǹkọ̀wé wa náà lè ṣe bíi ti Ṣóyínká, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n yí padà síwájú ìwé, àti ohun tó mú wọn yí i.