Àtìpó àti Èrò: Ìrètí Onígbàgbọ́ ní Ilẹ̀ Yorùbá ní Ọ̀rúndún Kọkàndínlógún

Kí ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn àgbà ti ń sọ pé ayé lọjà, ọ̀run nilé. Nígbà tí àwọn ajíhìnrere CMS tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta ní 1846, tí wọ́n ń wàásù pé ayé kì í ṣe ibùgbé títí, ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí etí àwọn olùgbọ́. Ohun tó yẹ ní àyẹ̀wò ni àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn atúmọ̀ èdè fi gbé ìrètí náà kalẹ̀, àti ìrírí tí àwọn èèyàn fi pàdé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kìíní ni àtìpó. Ọ̀rọ̀ yìí ni Bíbélì Yorùbá, tí Samuel Ajayi Crowther ṣíwájú nínú ìtumọ̀ rẹ̀, lò fún àwọn baba ìgbàgbọ́ nínú Ìwé Hébérù. Ní sáà náà, àtìpó kọjá àfiwé lásán. Ogun ti tú Ọ̀yọ́-Ilé, Òwu àti ọ̀pọ̀ ìlú Ẹ̀gbá. Àwọn tí ogun lé kúrò nílé ló tẹ Abẹ́òkúta dó ní nǹkan bí 1830. Ibùdó ogun sì ni Ìbàdàn kó tó di ìlú ńlá. Wọ́n kó Crowther fúnra rẹ̀ lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ọdún 25 kọjá kó tó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Ọ̀rọ̀ kejì ni èrò. David Hinderer, ọmọ Jámánì, àti Anna ìyàwó rẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí Ìbàdàn ní 1853, wọ́n sì dá ìjọ sílẹ̀ ní Kúdẹtì. Hinderer ló túmọ̀ ìwé tí John Bunyan gbé jáde ní 1678, tó sì sọ ọ́ ní Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́. Èrò ni ẹni tó di ẹrù, tó bá ẹgbẹ́ rìn nítorí ewu ọ̀nà. Àwọn ará Kúdẹtì mọ ewu yẹn dáadáa: láti 1860 ni ogun Ìjàyè ti dí ọ̀nà Abẹ́òkúta mọ́ wọn, tí ebi sì pa tọkọtaya Hinderer pẹ̀lú ìjọ wọn.

Síbẹ̀, òwe àwọn àgbà àti ìwàásù náà kò dọ́gba. Ẹni tó ti ọjà relé yóò tún ná ọjà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ ọmọ ní Babátúndé àti Yétúndé. Èrò-Mímọ́ kì í padà wá. Ìrètí àtijọ́ so mọ́ ìdílé: kí ọmọ sin òbí, kí òbí sì tún yà lọ́dọ̀ ọmọ. Fún ẹni tí agbo ilé rẹ̀ ti tú ká, tí kò mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà, ọ̀nà ìpadàbọ̀ yẹn ti dí. Ìlú tí ogun kò lè kó, tí àjèjì àti onílé jọ ń gbé, wá di ìlérí tó ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tó gbà lọ́wọ́ onígbàgbọ́ tuntun: ó ní láti yà kúrò nínú ètùtù àti ọdún tó so òun mọ́ àwọn baba rẹ̀.

Ìrètí ọ̀run kò sọ wọ́n di ẹni tó kọ ayé sílẹ̀. Ìjọ Kúdẹtì ní ilé ìwé. Nígbà tí àwọn Hinderer sì kúrò, Daniel Olubi, ọmọ Yorùbá, ló ń darí iṣẹ́ náà. Àwọn tó pe ara wọn ní àtìpó ló tún ìlú ṣe fún ọmọ ẹlòmíràn.