Ìyípadà nínú Ìgbọ̀nsẹ̀ àti Ìgbà tó Yẹ Kí Ènìyàn Rí Dókítà

Ìyípadà nínú ìgbọ̀nsẹ̀ ni ohunkóhun tó bá yàtọ̀ sí bí ènìyàn ti máa ń yàgbẹ́ tẹ́lẹ̀, ì báà jẹ́ iye ìgbà tó ń lọ, líle tàbí rírọ̀ ìgbẹ́ náà, àwọ̀ rẹ̀, tàbí bí ó ti ń ni ènìyàn lára tó kó tó jáde. Kò sí òdiwọ̀n kan ṣoṣo tó bá gbogbo ènìyàn mu. Ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ àti ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta péré lọ́sẹ̀, ara àwọn méjèèjì lè dá ṣáṣá, bí ó bá ti jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Ìgbàgbọ́ tó gbilẹ̀ pé ìdọ̀tí ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò bá yàgbẹ́ lójoojúmọ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, òun ló sì ń sún ọ̀pọ̀ ènìyàn sí mímu asùnwọ̀n àti oògùn ìyàgbẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí omi àti iyọ̀ ara wọn fi ń bá a lọ.

Lẹ́yìn tí oúnjẹ bá ti dà nínú àpòlúkù àti ìfun kékeré, ìyókù rẹ̀ yóò wọ ìfun ńlá, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà kan àbọ̀, níbi tí ara ti ń fa omi inú rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá yára kọjá, omi kò ní ráyè gbẹ, ìgbẹ́ gbuuru ni yóò sì yọrí sí. Bí ó bá pẹ́ jù níbẹ̀, á gbẹ, á le, á sì ṣòro ó yà. Ní ọdún 1997, Stephen Lewis àti Ken Heaton ní ìlú Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé àwòrán kan jáde tó pín ìgbẹ́ sí oríṣi 7: èkíní jẹ́ kóró-kóró bí ìgbẹ́ ewúrẹ́, ìkeje sì jẹ́ omi lásán, nígbà tí ìkẹta àti ìkẹrin, tó gùn tó sì rọ̀ níwọ̀nba, jẹ́ èyí tó dára jù. Àǹfààní ńlá ni àwòrán yìí jẹ́ fún aláìsàn tí ojú ń tì, nítorí pé ó kàn lè na ìka sí èyí tó jọ tirẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìyípadà kò ju ohun tí ènìyàn jẹ tàbí oògùn tó lò lọ. Fáíbà, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-rín inú ẹ̀wà, ewébẹ̀, èso àti ọkà tí a kò bó èèpo rẹ̀, kì í dà nínú ikùn, ó sì ń di omi mú kí ìgbẹ́ lè rọ̀. Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Ireland tó ṣiṣẹ́ ní Ùgáńdà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ló polongo ọ̀rọ̀ yìí káàkiri ayé ní àwọn ọdún 1970, lẹ́yìn tó ṣàkíyèsí pé ìgbẹ́ àwọn ará oko ní Áfíríkà pọ̀ ju ti àwọn òyìnbó lọ, ó sì ń yára jáde. Ẹni tó ti pa ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tì, tó jẹ́ pé búrẹ́dì funfun àti ẹran ló kù tó ń jẹ, tí kì í sì í mu omi tó, kò yẹ kó máa fura sí ọmọ aráyé pé wọ́n di ìfun òun. Àwọn oògùn ìrora bíi tramadol àti codeine náà ń mú ìfun lọ́ra, oògùn apakòkòrò sì lè mú kí inú ṣí.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àìsàn kan ṣoṣo, jẹ̀díjẹ̀dí, ni wọ́n sábà máa ń ka gbogbo ohun tó bá ń ṣe ìdí sí. Ẹni tí ìdí rẹ̀ yọ, ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, ẹni tó ń ya ìgbẹ́ ọ̀rìn, àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, agbo kan náà ni gbogbo wọn ń mu. Wọ́n ní ohun dídùn ló ń fà á, ohun kíkorò ló sì ń wò ó. Ìyá alágbo tó wà ní ibùdókọ̀ kò sì ní bi oníbàárà rẹ̀ ní ìbéèrè kan kó tó bu kọ́ọ̀bù kan fún un. Ṣúgà kọ́ ló ń fa ìdí yíyọ: iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí ihò ìdí ká ló ń wú, nítorí ìgbẹ́ líle tí ènìyàn ń rin, oyún, tàbí jíjókòó pẹ́ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ibẹ̀ wá máa ń pupa fòò, ó sì lè má dunni rárá. Ibi tí ewu wà ni pé ẹ̀jẹ̀ jẹjẹrẹ ìfun ńlá náà lè rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Oṣù mẹ́fà tí aláìsàn fi ń pààrọ̀ ìgò agbo lè jẹ́ oṣù mẹ́fà tí jẹjẹrẹ fi ń tàn kálẹ̀.

Jẹjẹrẹ yìí wà lára àwọn mẹ́ta tó wọ́pọ̀ jù lọ lágbàáyé. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹran kékeré kan tó hù sára ògiri ìfun, tó sì lè gbà tó ọdún 10 kó tó di jẹjẹrẹ, àkókò tó pọ̀ tó láti gé e kúrò bí wọ́n bá tètè rí i. Àìsàn àgbà nìkan kọ́: Chadwick Boseman, òṣèré Amẹ́ríkà tó kó ipa Black Panther, kú nípa rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 lẹ́ni ọdún 43. Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ fi tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ lọ rí dókítà ní ọjọ́ orí yòówù kó jẹ́. Bákan náà ni ìyípadà tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìnídìí, rírù tí ènìyàn kò gbààwẹ̀ fún, àárẹ̀ tó wá láti inú àìtó ẹ̀jẹ̀, kókó nínú ikùn, ìgbẹ́ gbuuru tó ń jí ènìyàn lóru, àti bí ó ti máa ń ṣe ènìyàn bíi pé ìgbẹ́ kò tí ì tán nígbà tó ti yà á tán.

Àwọn àmì kan wà tí kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Ẹni tí ikùn rẹ̀ ń wú, tó ń bì, tí kò rí ìgbẹ́ yà tí kò sì rí afẹ́fẹ́ só, ó ṣeé ṣe kí ìfun rẹ̀ ti dí. Ìgbẹ́ dúdú tó ń dán, tó ń lẹ̀, tó sì ń rùn lọ́nà àrà ọ̀tọ̀, ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ń ya nínú àpòlúkù, bóyá láti ojú ọgbẹ́ inú, àmọ́ oògùn ayọ́ọ̀nù tí wọ́n ń fún àwọn aláboyún náà máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú láìsí ewu. Ìgbẹ́ tó funfun, tí ojú sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, jẹ́ àmì pé òróòro kò ráyè dé inú ìfun. Ní ti ọmọdé tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, omi ara tó ń tán ló ń pa á ju àìsàn fúnra rẹ̀ lọ. ORS, ìyẹn àpòpọ̀ iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń po mọ́ omi, àti oògùn zinc ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fún un kíá, bí ojú rẹ̀ bá sì ti jìn, tó ń sunkún láìsí omijé tàbí tí kò tọ̀, ọ̀nà ilé ìwòsàn ló kù.

Dókítà yóò béèrè ọ̀rọ̀, yóò tẹ ikùn, yóò sì fi ìka tó wọ ìbọ̀wọ́ yẹ inú ihò ìdí wò, ohun tí ọ̀pọ̀ ń sá fún bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bí ó bá yẹ, wọ́n á ṣe kolonósíkọ́pì, ìyẹn fífi rọ́bà gígùn tó ní kámẹ́rà lórí wo gbogbo ìfun ńlá látòkèdélẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn àti ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n dín ọjọ́ orí tí àyẹ̀wò yìí ti ń bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí nǹkan kan kò ṣe kù láti 50 sí 45 ní ọdún 2021. Ẹni tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ti ní jẹjẹrẹ ìfun kò ní dúró dìgbà náà: ọdún 40, tàbí ọdún 10 ṣáájú ọjọ́ orí tí wọ́n rí i lára ẹbí náà, èyí tó bá yá jù nínú méjèèjì, ló ń tẹ̀ lé, nítorí náà ẹni tí wọ́n rí i lára bàbá rẹ̀ lẹ́ni ọdún 45 yóò ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀ lẹ́ni ọdún 35.