Orúkọ Tí Akọ̀wé Kò Kọ

Bí ọmọ Yorùbá bá fẹ́ mọ ibi tí ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀, oríkì ló kọ́kọ́ máa ń dì mú. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá àgbà nílé, ẹ mọ̀ ọ́n: kí wọ́n tó kí yín tán láàárọ̀, wọ́n á ti dárúkọ ìlú mẹ́ta àti ogun méjì. Àwọn ẹbí wa tí ọkọ̀ òkun gbé lọ sí Amẹ́ríkà kò ní èyí lọ́wọ́ mọ́. Ìwé ìjọba ló kù fún wọn, pàápàá ìwé ìkànìyàn. Ìwé ọ̀hún náà ní wàhálà tiẹ̀.

Láti ọdún 1790 ni Amẹ́ríkà ti ń ka èèyàn rẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ní 1850, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ní òmìnira, ìlà kan fún ẹnì kan. Àwọn ẹrú ńkọ́? Ìwé tiwọn lọ́tọ̀ ni, ní 1850 àti 1860. Orúkọ olówó wọn ni akọ̀wé kọ. Lábẹ́ rẹ̀, ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àwọ̀ ara: B fún aláwọ̀ dúdú, M fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dàpọ̀. Ó parí. Ìlà kan lè sọ pé “35, abo, B” péré. Ìyá ẹnì kan nìyẹn o!

Iṣẹ́ software ni mò ń ṣe, ibẹ̀ ló sì ti dùn mí jù. Tábìlì tí kò ní ID, kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ so ó mọ́ òmíràn. Akọ̀wé tó kọ ọjọ́ orí ẹni kan, tó wo àwọ̀ rẹ̀, tí kò béèrè orúkọ, kì í ṣe pé àyè kò sí lórí bébà. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ní 1870, ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí òfin fòpin sí oko ẹrú, gbogbo wọn wá ní orúkọ nínú ìwé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ti máa ń kọ lu ògiri. Bí wọ́n ṣe ń fò ó rèé: ẹ wá bàbá àgbà ní 1870, ẹ wo orúkọ ìdílé tó ń jẹ́, ẹ wo àwọn aládùúgbò rẹ̀ tó jẹ́ òyìnbó. Ẹ wá padà sí ìwé ẹrú 1860, ẹ wò bóyá olówó kan wà ládùúgbò yẹn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, tó ní ẹrú ọkùnrin tí ọdún mẹ́wàá fi kéré sí ti bàbá àgbà. Ìfura lásán ṣì ni, torí kì í ṣe gbogbo ẹrú ló gba orúkọ olówó rẹ̀. Ìwé ogún olówó náà ló lè jẹ́rìí sí i: bí wọ́n bá ń pín dúkìá, wọ́n sábà máa ń dárúkọ ẹrú. Ẹ gbọ́ o, wọn ò kọ orúkọ nígbà tí wọ́n ń ka èèyàn, wọ́n wá kọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń ka ẹrù.

Ti 1890 kò tiẹ̀ ṣe é retí. Iná jó ilé tí ìwé náà wà ní Washington ní oṣù Kìíní 1921, díẹ̀ báyìí ló kù.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan. Kossola, tí ayé mọ̀ sí Cudjo Lewis, wá láti agbègbè Bantè, ní ilẹ̀ Benin òde òní, láàárín àwọn tó ń sọ èdè Yorùbá. Àwọn ọmọ ogun Dahomey mú un, wọ́n tà á ní Wídà, ọkọ̀ Clotilda sì gbé òun àti nǹkan bí àádọ́fà èèyàn dé Mobile, ní Alabama, ní oṣù Keje 1860. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ni ìjọba sì fi ṣe ọjọ́ ìkànìyàn ọdún yẹn. Láti 1808 ni òfin ti ní kí wọ́n má kó ẹrú wọlé mọ́, nítorí náà ńṣe ni wọ́n ń fi wọ́n pamọ́. Kódà láàárín àwọn tí kò lórúkọ, kò sí ìlà fún wọn.

Ní ọdún 1930 sí 1939, ìjọba lo ọgbọ́n kan tó ń jẹ́ Soundex láti to orúkọ inú ìwé ìkànìyàn. Robert Russell ló gba àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1918. Wọ́n á fi lẹ́tà àkọ́kọ́ sílẹ̀, wọ́n á yọ fáwẹ̀lì, wọ́n á sọ ìyókù di nọ́ńbà mẹ́ta. Lewis, Louis àti Luke, L200 ni gbogbo wọn. Mo fi Kossola dán an wò: Kossola, Kossula, Kazoola, K240 ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀! Àmọ́ bí akọ̀wé bá fi C bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, C240 ni, ó ti di ẹlòmíràn. Cudjo wá ńkọ́? C320. Orúkọ àwọn Akan fún ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ajé nìyẹn, kì í tiẹ̀ ṣe ti Yorùbá. Kò sí kóòdù tó lè ti ibẹ̀ dé Bantè. Ẹnu Kossola fúnra rẹ̀ ló gbé e débẹ̀, torí ó wà láyé títí di 1935, ó sì sọ ìtàn rẹ̀ fún Zora Neale Hurston.

Ní Freetown, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Àwọn tí ọmọ ogun ojú omi Bìrìtìkó gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú, wọ́n kọ orúkọ wọn, ọjọ́ orí wọn àti bí wọ́n ṣe ga tó. Ibẹ̀ náà ni wọ́n gbé Àjàyí Crowther lọ ní 1822. Nínú ìwé ti Freetown àti ti Havana, orúkọ 91,491 ló ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Akọ̀wé òyìnbó fi etí òyìnbó kọ ọ́, nítorí náà ẹni tó gbọ́ Yorùbá ló lè tú u. Bí ẹ bá rí “Ohjo” níbẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé Òjó ló fẹ́ kọ, ọmọkùnrin tí ìwọ́ kọ́ lọ́rùn nígbà tí wọ́n bí i.