Ọwọ́ Méjì Péré: Ìtàn CPR, àti Ìdí Tó Fi Yẹ Kí Gbogbo Wa Mọ̀ Ọ́n Ṣe

Láti Onírèké níbí, ní Ìbàdàn, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ìtàn tòní dá lórí ìmọ̀ kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ àti ti òmìnira Nàìjíríà dọ́gba, síbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì mọ̀ ọ́n lò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti pápá ìṣeré Sùúrùlérè, l'Ékòó. August 12, 1989. Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù kí wọ́n lè lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Nígbà tó di ìṣẹ́jú 77, Samuel Okwaraji ṣubú lulẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ọmọ ọdún 25 ni, agbẹjọ́rò sì ni. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe sí òkú rẹ̀ fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru.

Kò tán síbẹ̀. Lọ́dún 1995, Amir Angwe tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Julius Berger ṣubú lórí pápá l'Ékòó, ó kú. Lọ́dún 2010, Endurance Idahor kú báyìí ní Sudan. Ní March 2020, Chineme Martins ti Nasarawa United ṣubú ní Lafia, òun náà kò dìde. Ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn, eléré ìdárayá sì ni wọ́n.

Ẹ wá wo ti ẹnì kan tó yè é. March 17, 2012, ní Lọ́ńdọ̀nù, Fabrice Muamba, ọmọ bíbí Kóńgò tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Bolton, ṣubú lórí pápá Tottenham. Ọmọ ọdún 23 ni. Orí pápá níbẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀. Dókítà ọkàn kan tó wá wòran, Andrew Deaner, fò wọlé láti àárín èrò. Ìṣẹ́jú 78 ni ọkàn Muamba kò fi dá ṣiṣẹ́. Lónìí, ó wà láàyè.

Mi ò sọ pé ohun tó gba Muamba là ni ì bá gba gbogbo àwọn tó kù o. Àìsàn ọkàn pín sí oríṣiríṣi. Ohun tí mò ń sọ ni pé, nígbà tí ọkàn Muamba kọṣẹ́, ọwọ́ èèyàn ló bá a ṣe é.

Báwo ni ọwọ́ ṣe lè ṣiṣẹ́ ọkàn? Ẹ wo pọ́ǹpù bóhòlù ilé yín. Bí pọ́ǹpù bá kú, omi ṣì wà nínú páìpù, àmọ́ kò lè gòkè dé táǹkì. Ọkàn ni pọ́ǹpù, ọpọlọ ni táǹkì òkè. Nígbà tí ọkàn bá dúró lójijì, afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹni tí yóò tì í gòkè ni kò sí. Bí ẹ bá tẹ àárín àyà mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á rìn. Òun ni à ń pè ní CPR.

Láyé àtijọ́, àwọn dókítà gbà pé ẹni tó bá fẹ́ tẹ ọkàn gbọ́dọ̀ la àyà kó tó lè fi ọwọ́ fún un. Ta ló fẹ́ ṣe ìyẹn ní Dùgbẹ̀? Ní 1958, ní yunifásítì Johns Hopkins ní Baltimore, l'Amẹ́ríkà, Guy Knickerbocker ń fi ajá ṣe ìwádìí lórí ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná jí ọkàn. Ó ṣàkíyèsí pé bí òun bá ti tẹ irin ẹ̀rọ náà mọ́ àyà ajá, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ń gòkè, kí iná tiẹ̀ tó dé. Òun, ọ̀gá rẹ̀ William Kouwenhoven, àti oníṣẹ́ abẹ James Jude tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé: ẹnjiníà iná mànàmáná ni Kouwenhoven, kì í ṣe dókítà.

Ní July 1960, oṣù mẹ́ta kí a tó gba òmìnira, wọ́n tẹ àbájáde wọn jáde. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí níbikíbi, ọwọ́ méjì péré ló gbà. Lọ́dún kan náà, Asmund Laerdal, oníṣòwò bèbí ìṣeré ní Norway, gbé bèbí ńlá kan jáde tí àwọn èèyàn á máa fi kọ́ṣẹ́. Ní 1972, ìlú Seattle bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ará ìlú lásán. Láàárín ọdún méjì, ó lé ní 100,000 èèyàn tó ti kọ́ ọ. Awakọ̀, olùkọ́, ìyàwó ilé. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ìmọ̀ gbogbo ayé ni.

Ó wá ku àwa. UCH ti wà níbí láti 1957, ilé ìwòsàn Jẹ́ríkò kò sì jìnnà sí Onírèké. Àmọ́ bí ẹnì kan bá ṣubú lójijì, kí là ń ṣe? A ó bu omi lù ú, a ó ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, a ó pariwo. Lẹ́yìn náà, a ó ká a sẹ́yìn Micra, ó di Dùgbẹ̀, ó di Mọ́kọ́lá, họ́ọ̀nù ń ké. Nínú Micra yẹn, ta ló ń tẹ àyà rẹ̀? Kò sí. Bẹ́ẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin sí mẹ́fà ni ọpọlọ ti ń bàjẹ́. Kò sí dírẹ́bà tó lè sá tó ìyẹn. Dókítà tó dára jù ní UCH kò lè dá ìṣẹ́jú tó ti lọ padà.

Nítorí náà, ẹ gbọ́. Bí ẹnì kan bá ṣubú, ẹ gbá a léjìká, ẹ pè é. Bí kò bá dáhùn, tí kò mí, tàbí tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹja tí wọ́n yọ lómi, ọkàn rẹ̀ ti dúró nìyẹn. Ẹ ní kí ẹnì kan pe 112, kí òmíràn wá ọkọ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ tó le, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan lé àárín àyà, èkejì lórí rẹ̀, ẹ na apá yín gbọọrọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ẹ jẹ́ kó padà sókè, ẹ tún tẹ̀ ẹ́: 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ó máa rẹ̀ yín. Ẹ pààrọ̀ ara yín ní ìṣẹ́jú méjì-méjì. Àwọn àgbà kúkú ti ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọmọdé àti ẹni tó rì sómi tún nílò èémí àfẹnufún. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ yìí ló ń kọ́ni nìyẹn.

Mo mọ ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́rù: "Wọ́n á ní èmi ni mo pa á." Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ nílùú yìí. Àmọ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dúró, kò sí ibi tó burú jùyẹn tí ẹ lè tì í lọ. Egungun ìhà lè kán; egungun tó kán á jinná. Ohun tó sì lè dín ẹ̀rù yẹn kù ni pé kí gbogbo àdúgbò mọ ohun tí ẹ̀ ń ṣe. Bí ẹ̀yin nìkan bá mọ̀ ọ́n, wọ́n á máa wò yín bí ẹni tó ń lu aláìsàn. Bí ogún èèyàn bá mọ̀ ọ́n, wọ́n á bá yín pààrọ̀ ọwọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ dókítà nìkan. Ẹgbẹ́ Red Cross ti Nàìjíríà ń kọ́ni ní ìtọ́jú pàjáwìrì. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sáláṣí àti àwọn onímọ́tò ní gáréèjì pè wọ́n wá. Ẹ ní kí wọ́n gbé bèbí náà dání, kí ọwọ́ yín kan àyà rẹ̀.

Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí ìmọ̀ yìí ti jáde. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sórí WhatsApp ìdílé yín, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè: bí mo bá ṣubú nínú pálọ̀ lálẹ́ òní, ta ló mọ̀ ọ́n ṣe nínú yín? Ó dìgbà kan ná.