Ìwé Ẹ̀rù tí Kíkà Fẹ́rẹ̀ẹ́ Pa Run: Ìtàn Àwọn Akówèéjọ àti Ìtàn-Àròsọ Gótíìkì

Ìtàn-àròsọ Gótíìkì ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ fún irú ìwé kan tó gbilẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1764 títí di nǹkan bí ọdún 1820, nínú èyí tí ìṣẹ̀lẹ̀ máa ń wáyé ní ilé olódi àtijọ́, ní ilé àwọn mọ́ńkì àti nínú ibojì abẹ́ ilẹ̀, tí iwin, àṣírí ìdílé àti ọmọbìnrin tí ìkà ènìyàn ń lépa sì máa ń kó jìnnìjìnnì bá òǹkàwé. Àwọn akówèéjọ, ìyẹn àwọn tó ń fi owó àti àsìkò wọn wá ìwé tó ṣọ̀wọ́n, a máa du àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lónìí. Díẹ̀ nínú àwọn ìwé náà ṣọ̀wọ́n nítorí pé ẹni tó tẹ̀ wọ́n kò fẹ́ kí wọ́n pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀; ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú wọn di ọ̀wọ́n nítorí pé àwọn ènìyàn kà wọ́n títí wọ́n fi gbó.

Horace Walpole, ọmọ Robert Walpole tó ti jẹ́ Olóòtú Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí, ni ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ó kọ́ ilé kan tó fara jọ ilé olódi ayé àtijọ́ sí Strawberry Hill ní Twickenham, ó sì dá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1757. Síbẹ̀, kì í ṣe orí ẹ̀rọ yìí ni a ti tẹ The Castle of Otranto, ìwé Gótíìkì àkọ́kọ́, bí kò ṣe lọ́wọ́ Thomas Lownds ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó tẹ 500 ẹ̀dà jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1764, tó sì kọ ọdún 1765 sójú ewé àkọ́lé. Walpole fi orúkọ ara rẹ̀ pamọ́, ó ní ẹnì kan tó ń jẹ́ William Marshal ló túmọ̀ ìwé náà láti inú ìwé Ítálì àtijọ́ kan. Nígbà tí ọjà rẹ̀ tà wàràwàrà ni ó tó jẹ́wọ́ nínú àtẹ̀jáde kejì lọ́dún 1765, níbi tó ti kọ́kọ́ pe iṣẹ́ náà ní ìtàn Gótíìkì. Nítorí náà, akówèéjọ tó bá ní àtẹ̀jáde kan láìní èkejì, ìdajì ìtàn ló ní lọ́wọ́.

Ìwé tí Walpole dìídì mú kó ṣọ̀wọ́n ni The Mysterious Mother, eré onítàn tó dá lórí èèwọ̀ láàárín ìyá àti ọmọ, èyí tó tẹ ẹ̀dà 50 péré rẹ̀ lórí ẹ̀rọ Strawberry Hill lọ́dún 1768, tó sì pín láàárín àwọn tó fọkàn tán. Àpẹẹrẹ àtẹ̀jáde oníye gan-an nìyí, ìyẹn ìwé tí a ti pinnu iye ẹ̀dà rẹ̀ kí a tó gbé e sórí ẹ̀rọ. Nígbà tí a lu ohun ìní Strawberry Hill ní gbàǹjo lọ́dún 1842, ọjọ́ 24 ni títà náà gbà, ìwé àti ohun ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ sì fọ́n káàkiri ayé. Ará Amẹ́ríkà kan, Wilmarth Sheldon Lewis, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ tọpa wọn, ó kó ohun tó rí jọ sí Farmington ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ó sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún Yunifásítì Yale.

Ti ilé ìtẹ̀wé Minerva, tí William Lane dá sílẹ̀ ní òpópónà Leadenhall ní Lọ́ńdọ̀nù, yàtọ̀ pátápátá sí èyí. Ìwé ìtàn wọ́n nígbà náà, ó sì sábà máa ń jáde ní ìdìpọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, débi pé àwọn olówó nìkan ló lè máa rà á déédéé; ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé fi gbára lé ilé ìkàwé ayánilówèé, níbi tí ènìyàn ti ń san àsansílẹ̀ kí ó lè máa yá ìwé lọ sílé. Lane ní irú ilé ìkàwé bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ń ta ìwé fún àwọn mìíràn tó fẹ́ dá tiwọn sílẹ̀. Ìdìpọ̀ kan a kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí òwú tó so ó pọ̀ yóò fi tú, tí ewé rẹ̀ yóò máa já, tí a óò sì sọ ọ́ nù láti fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé kò dá sí i, nítorí wọ́n gbà pé ìwé tí àwọn obìnrin ń kọ fún àwọn obìnrin kò tó ohun tí à ń tọ́jú. Ìdájọ́ yìí kò tọ̀nà, ó sì pa ìtàn lára.

Bí ìpalára náà ti pọ̀ tó hàn nínú ọ̀rọ̀ Jane Austen, òǹkọ̀wé ìtàn-àròsọ ará Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìwé rẹ̀, Northanger Abbey, tó jáde ní òpin ọdún 1817, ọmọbìnrin kan ka orúkọ ìwé ẹ̀rù méje fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò sì tó ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà tí àwọn òǹkàwé fi ń rò pé Austen ló fi ẹ̀fẹ̀ hùmọ̀ àwọn àkọlé náà. Michael Sadleir, òǹtẹ̀wé àti akówèéjọ ará Gẹ̀ẹ́sì, fi ẹ̀rí hàn nínú àpilẹ̀kọ kan lọ́dún 1927 pé gbogbo wọn ni ìwé gidi, mẹ́fà nínú wọn sì jẹ́ ti Minerva, lára èyí tí The Castle of Wolfenbach ti Eliza Parsons (1793) àti The Orphan of the Rhine ti Eleanor Sleath (1798) wà. Àkójọ Sadleir dé ọwọ́ Robert K. Black ní Amẹ́ríkà, òun ló sì fi í ta Yunifásítì Virginia lọ́rẹ lọ́dún 1942. Devendra Varma, onímọ̀ ará Íńdíà tó kọ́ni ní Halifax lórílẹ̀-èdè Kánádà, ló ṣe olóòtú ìwé méjèèje nígbà tí ẹgbẹ́ Folio Society tún wọn tẹ̀ lọ́dún 1968, tí ẹni tí kò lówó akówèéjọ náà fi lè kà wọ́n.

Ibi tí ìwé Minerva ti ṣẹ́kù lọ́pọ̀ yanturu kò sí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ní Corvey, nítòsí Höxter ní Jámánì, nínú ilé kan tó ti jẹ́ ti àwọn mọ́ńkì tẹ́lẹ̀, ni Victor Amadeus, ọlọ́lá kan láti Hesse-Rotenburg tó kú lọ́dún 1834, ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìtàn-àròsọ jọ ní èdè Jámánì, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, láìfi èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń fojú tẹ́ńbẹ́lú sílẹ̀. Níwọ̀n bí ìwọ̀nba ènìyàn ti ń ṣí ìwé náà níbẹ̀, wọ́n wà bí wọ́n ṣe wà, àwọn onímọ̀ tó padà tọ̀ wọ́n lọ ní ìgbẹ̀yìn ọ̀rúndún ogún sì rí ìwé tó ṣòro láti rí níbòmíràn.

Ní ọjà, owó gidi ń bá èèpo ẹ̀yìn ìwé lọ. Nígbà tí a kọ́kọ́ tẹ àwọn ìwé yìí, páálí lásán ni òǹtẹ̀wé fi ń bo ìwé, ẹni tó bá rà á ni yóò gbé e lọ fún aṣèwé láti fi awọ dì í. Nítorí bẹ́ẹ̀, ẹ̀dà tí páálí rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣì wà lára rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Frankenstein ti Mary Shelley, tí a tẹ 500 ẹ̀dà rẹ̀ lọ́dún 1818 láìkọ orúkọ òǹkọ̀wé sí i, jẹ́ ẹ̀rí: ẹ̀dà kan tó ṣì wà nínú páálí rẹ̀ tà ní iye tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là ní ilé gbàǹjo Christie's ní New York lọ́dún 2021. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà gbígbó tí ilé ìkàwé ayánilówèé lò, tó ṣì ní ìwé pélébé tí a lẹ̀ mọ́ inú èèpo rẹ̀, lórí èyí tí a kọ òfin yíyá àti owó ìtanràn sí, ní ẹ̀rí tí ẹ̀dà mímọ́ kò ní, nítorí ó ń sọ ìlú tí a ti kà á àti ohun tó ná ẹni tó kà á. Akówèéjọ tó bá bọ́ ìwé pélébé bẹ́ẹ̀ dànù kí ìwé lè fani mọ́ra ń ba apá tó ṣọ̀wọ́n jù nínú ohun tó rà jẹ́.