Ṣíṣá àti Ṣíṣà: Níbo ni Àrà Gbẹ́nàgbẹ́nà Ti Ń Bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà kì í yé bi olùkọ́ wọn: ìgbà wo ni màá ní ọwọ́ tèmi? Ẹ̀rù ló wà nídìí ìbéèrè náà. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá pẹ́ jù lábẹ́ ọ̀gá, ọwọ́ ọ̀gá ni yóò gba ọwọ́ àwọn. Àwọn olùkọ́ pàápàá pín sí ọ̀nà méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní kí ọmọ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ délẹ̀ ná, kí ó tó máa pe orúkọ àrà. Àwọn kejì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ kó dá tirẹ̀, torí àkọ́jù a máa fọ́ ojú inú. Lójú tèmi, ibi tí àrà kò sí ni ìhà méjèèjì ti ń wá a. Ojú igi ni wọ́n ń wò: irun dídì, ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́, bátànì ara aṣọ. Ohun tí mo fẹ́ fi iṣẹ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Èkìtì àti Ìgbómìnà gbè lẹ́sẹ̀ níhìn-ín ni pé àrà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, kí ọ̀bẹ tó kan ojú igi rárá.

Ẹ jẹ́ ká rántí bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Gbẹ́nàgbẹ́nà á kọ́kọ́ fi àáké ṣá igi títí tí orí, àyà àti ẹsẹ̀ yóò fi hàn bí òkìtì-òkìtì. Á tún òkìtì wọ̀nyí là sí kéékèèké, kí apá yà kúrò lára ìhà, kí etí yà kúrò lára orí. Lẹ́yìn náà ni dídán, tí gbogbo ara ère yóò fi tẹ́jú tí yóò sì gún. Fínfín ló gbẹ̀yìn: ìpéǹpéjú, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ọnà ara. Fadá Kevin Carroll, tó bá àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ nípa ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí nínú ìwé tó gbé jáde ní 1967 lórí igi ọnà nínú ẹ̀sìn Yorùbá.

Ṣùgbọ́n ibi tí iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni ọmọ iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ á gbálẹ̀ ìsọ̀, á pọ́n irin, á sì gba èyí tí ọ̀gá ti ṣá sílẹ̀ kó lè máa dán an. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ń balẹ̀, wọ́n á fún un ní ẹ̀yìn ère kó fín ọnà sí i. Ọ̀gá kì í tètè fi ṣíṣá sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ẹni tó bá ṣi fínfín lè dán ojú ibẹ̀ kó tún un fín, ṣùgbọ́n igi tí àáké bá ti gé kúrò ti kúrò nìyẹn. Nítorí náà, ìtò ẹ̀kọ́ yàtọ̀ pátápátá sí ìtò iṣẹ́. Ohun tó ń kẹ́yìn nínú iṣẹ́ ni ọmọ ń kọ́kọ́ mọ̀, ohun tó ṣáájú nínú iṣẹ́ ló sì ń mọ̀ gbẹ̀yìn. Mo gbà pé inú yíyípo yìí ni ìdáhùn sí ìbéèrè àwọn ọ̀dọ́ wà.

Èdè wa fún wa ní ìtọ́sọ́nà kan lórí èyí. Nínú ìwé rẹ̀ ti 2014 lórí iṣẹ́ ọnà àti èdè Yorùbá, Rowland Abíọ́dún ṣàlàyé pé ara ṣà, ìyẹn yíyan ohun kan láàárín ọ̀pọ̀, ni àṣà ti wá. Bí a bá gba àlàyé yìí, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè ní àṣà tirẹ̀ lórí ohun tí kò ní agbára láti yàn. Ọmọ tó ń dán ère tí ọ̀gá ti ṣá kò yan ìwọ̀n orí sí ara. Kò yan bí ọrùn ṣe tẹ̀ síwájú, bẹ́ẹ̀ ni kò yan bí eékún ṣe jìnnà síra. Gbogbo ìyẹn ni àáké ti sọ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá lè ṣá nìkan ló lè ṣà. Ohùn ẹyọ kan péré ló ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, n kò sì sọ pé ọ̀kan bí èkejì. Ohun tí mo rí ni pé lórí igi, ìṣísẹ̀ kan náà ni wọ́n jẹ́.

Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ ni ẹ̀rí tó lágbára jù tí mo mọ̀. Ní nǹkan bí 1873 ni wọ́n bí i ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀-Èkìtì ló fi ṣe ilé, ààfin Arìnjalè, ọba Ìsẹ̀, ló sì ti sìn kí òkìkí rẹ̀ tó kàn dé àwọn ààfin mìíràn. Láàárín 1910 àti 1914, ó gbẹ́ opó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn náà fi Ògògà hàn lórí ìtẹ́, níbi tó ti ń gba àlejò òyìnbó kan, Captain Ambrose, tí wọ́n rù wọ̀lú. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí àfihàn ńlá tó wáyé ní Wembley ní 1924, British Museum ló sì wà títí di òní. Ògògà kò gbà láti tà á. Àga ọba tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà dípò rẹ̀. Ó dùn mí pé kì í ṣe Ìkẹ́rẹ́ ni ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ti máa lọ wò ó.

Kí ló wá ya ilẹ̀kùn yìí sọ́tọ̀? Kì í ṣe fínfín rẹ̀. Ọnà tó kún ẹ̀yìn àwọn ère náà dára púpọ̀, àmọ́ irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Èkìtì ìgbà náà. Jíjìn rẹ̀ ni. Lára ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ààfin, àwọn ère sùn mọ́ pákó, gíga wọn sì dọ́gba. Ti Ọlọ́wẹ̀ yọ síta bí ẹni tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ kúrò lára ilẹ̀kùn, àwọn kan lára wọn sì kọ ara sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tí wọ́n pè lójijì. Ẹni tó fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wá pákó tó nípọn, kó sì gbà láti gé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dànù. Kí àáké tó ba igi, ó gbọ́dọ̀ ti mọ ẹni tí yóò wà níwájú àti ẹni tí yóò wà lẹ́yìn. Ìwà àrà yìí ti pé nígbà tí ère kankan kò tíì ní ojú.

Bákan náà ni opó Ògògà tó wà ní Art Institute ti Chicago lónìí, tí gíga rẹ̀ tó mítà kan ààbọ̀. Ọba jókòó pẹ̀lú adé. Ìyàwó àgbà dúró lẹ́yìn ìtẹ́, ó ga ju ọba fíìfíì, orí tirẹ̀ sì ni ẹrù òrùlé wà. Gbogbo ẹni tó bá mọ igi ọnà wa ló mọ̀ pé ìtóbi ni a fi ń sọ ipò ẹni. Ọlọ́wẹ̀ mọ òfin náà dáadáa, ó sì lò ó láti sọ ohun tó wúwo nípa obìnrin tó dúró ti ọba. Àlàfo tó fi sílẹ̀ láàárín ẹ̀yìn ọba àti ara obìnrin náà ni mo máa ń padà sí. Àlàfo kì í ṣe ohun tí a ń fín, àáké ló ń là á. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá dá a lójú kò ní dán an wò nínú opó tó gbọ́dọ̀ gbé ilé ró.

Ẹnìkan lè sọ pé Ọlọ́wẹ̀ jẹ́ àkàndá, pé kò yẹ ká fi òfin dè é. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo ìran tí a mọ bí wọ́n ṣe kọ́ ara wọn. Aréògún ti Ọ̀sì kọ́ ọmọ rẹ̀, Bándélé. Nígbà tí Fadá Carroll àti Fadá O'Mahoney dá ìsọ̀ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947, Bándélé di ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà níbẹ̀, Lámídì Fákẹ́yẹ sì wá di ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìdílé gbẹ́nàgbẹ́nà ní Ìlá-Ọ̀ràngún ni wọ́n bí Fákẹ́yẹ sí, láti kékeré ló sì ti ń gbẹ́ igi. Ó tún lọ jókòó sábẹ́ ọ̀gá fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ẹni tó ti ń gbẹ́ ère! Bí ẹ̀kọ́ bá ń pa àrà ni, ó yẹ kí Fákẹ́yẹ di òjìji Bándélé. Kò dà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ Aréògún kún fọ́fọ́, ènìyàn lórí ènìyàn. Fákẹ́yẹ ní tirẹ̀ fẹ́ràn ara tó dán gbinrin, ó sì máa ń jẹ́ kí igi wà ní àwọ̀ ara rẹ̀ láìkùn ún. Ẹni tó bá rí ère Odùduwà tó gbẹ́ fún Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987 kò ní pè é ní iṣẹ́ Bándélé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ tún kọ́ wa ní ohun mìíràn. Ìjọ Kátólíìkì ní kí wọ́n gbẹ́ àwọn ọba tó wá kí Jésù. Kò sí àpẹẹrẹ irú rẹ̀ ní Ọ̀sì tàbí ní Ìlá. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ bí a ṣe ń ṣá ọba, tó mọ bí a ṣe ń ṣá ẹlẹ́ṣin, mọ ibi tí ọ̀rọ̀ tuntun yìí lè gbà wọlé. Àwọn ọba tó wá sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù di ọba Yorùbá.

Àtakò tó le jù lọ sí ohun tí mò ń sọ wá láti Òṣogbo, kò sì yẹ kí n fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ní 1962 ni Dúró Ládiípọ̀ àti Ulli Beier dá ibùdó iṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo sílẹ̀ níbẹ̀. Denis Williams darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kúkúrú níbẹ̀, Georgina Beier sì darí ti 1964. Àwọn tó wá kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà rí: Twins Seven Seven jẹ́ oníjó, iná mànàmáná ni Jimoh Bùráímọ̀ ń bójú tó fún ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládiípọ̀. Kò pẹ́ rárá tí ọwọ́ oníkálukú fi dá yàtọ̀. Ìlà wẹ́wẹ́ tí Twins fi ń kún pátákó láti etí dé etí, kò sẹ́ni tó lè ṣì í mọ̀. Ṣé èyí kò fi hàn pé àrà lè ṣáájú ìmọ̀ iṣẹ́?

Mo gbà pé ó fi hàn pé ẹ̀kọ́ ọlọ́dún gbọọrọ kọ́ ni ọ̀nà kan ṣoṣo. Mo tún gbà pé òmìnira tí wọ́n rí níbẹ̀ jẹ́ ohun iyebíye, torí ó sọ àwọn tí kò sẹ́ni tó máa pè ní ayàwòrán di ayàwòrán. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé wọ́n dé lọ́wọ́ òfo. Ojú ẹni tó ti ń tan iná sí orí ìtàgé lálaalẹ́ ti mọ ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn. Ara ẹni tó ti ń jó lójú agbo ti mọ ìró àti ìdákẹ́. Èyí tó tún jinlẹ̀ jù ni pé Georgina Beier kò fi wọ́n sílẹ̀ lásán: ohun èlò tó bá ọwọ́ oníkálukú mu ló ń bá a wá. Bùráímọ̀ wá di ẹni tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán, iṣẹ́ tí àwọn tó ń ṣe adé ọba ti mọ̀ tipẹ́. Ó sì tún lọ kọ́ ẹ̀kọ́ sí i ní Zaria nígbà tó yá. Lójú mi, ohun tí Òṣogbo ṣe ni pé wọ́n fi àáké lé ọmọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n yí ìtò ẹ̀kọ́ padà, kí ọmọ lè tètè ṣà. Wọn kò fo ṣíṣá.

Àwọn tó tẹ̀lé wọn ló fo o. Ẹni tó bá ti rìn kiri àwọn ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tajà fún àlejò yóò ti rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán tó ní ìlà wẹ́wẹ́ bíi ti Twins, tí ìlà náà kò sì di ohunkóhun mú. Fínfín Òṣogbo ni wọ́n gbà, kì í ṣe ìpinnu tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àìsàn kan náà ló sì ń ṣe ère orí àtẹ tó dán ju iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ pàápàá lọ, tí ẹ̀kọ́ ọwọ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ pé, àmọ́ tí kò sí ohun kan lára rẹ̀ tó lè jẹ́ òmíràn. Àwọn tó ń pariwo ìmọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dáhùn fún irú ère bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń pariwo òmìnira ṣe gbọ́dọ̀ dáhùn fún àwòrán yẹn.

Iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ kan wà ní ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Áfíríkà ti Smithsonian ní Washington: abọ́ ńlá kan tó ní ìdérí, tí àwọn ère gbé sókè. Láàárín àwọn ère tó wà nísàlẹ̀ abọ́ náà ni orí ènìyàn kan wà tó dá wà, tó ń yí gbiri bí a bá mi abọ́. Kò ṣeé fà yọ, torí àlàfo àárín àwọn ère náà kéré sí i. Kì í ṣe pé wọ́n fi í síbẹ̀. Igi kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ohun gbogbo ṣì jẹ́ ìtì igi, tí kò tíì sí abọ́, tí kò tíì sí obìnrin kan tó kúnlẹ̀, Ọlọ́wẹ̀ ti fi odidi kan sílẹ̀ ní àárín tí àáké kò gbọ́dọ̀ kàn.